Ẹ Bi Wá: Ìwé Bàbá Wa, Kámẹ́rà Onímọ̀ àti Íntánẹ́ẹ̀tì

Lẹ́tà mẹ́ta ni a yọ lóṣù yìí nínú àwọn tí ẹ kọ sí wa, méjì láti Àgbádárìgì, ọ̀kan láti Ẹ̀pẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá lé: bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ ìgbàlódé ya àwòrán ohun àjogúnbá fún ìwádìí, àti ẹni tí ó yẹ kí àwòrán náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá yà á tán. A dín àwọn lẹ́tà náà kù díẹ̀, a sì fi orúkọ àwọn tó kọ wọ́n pamọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá tó bí bàbá bàbá mi ṣòwò epo pupa ní etí ọ̀sà Àgbádárìgì níbí. Àpótí onírin kan tí wọ́n fi sílẹ̀ wà lọ́wọ́ ìdílé wa. Ìwé àkọsílẹ̀ òwò wọn wà nínú rẹ̀, ìwé àdúrà kan tí wọ́n fi ọwọ́ kọ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Omi ti wọ ilé náà rí, ọ̀pọ̀ ojú ìwé ti ṣá, wọ́n sì rí bí ewé gbígbẹ. Lóṣù tó kọjá, àwọn olùkọ́ láti yunifásítì kan wá bá wa. Wọ́n ní kámẹ́rà àwọn lè rí ohun tí ojú wa kò rí mọ́, wọ́n ní àwọn kò ní gba kọ́bọ̀, àmọ́ gbogbo àwòrán náà ni àwọn yóò gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo ayé lè lò ó. Olórí ẹbí fárígá. Wọ́n ní bí òyìnbó ṣe kó ohun ìní àwọn ará Bìní lọ nìyẹn. Àwa ọ̀dọ́ ilé rò pé ìwé náà yóò bàjẹ́ tán bí a kò bá jẹ́ kí wọ́n yà á. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni ṣíṣe? — Ọmọ Ilé, Àgbádárìgì.

ÌDÁHÙN: Ẹ bá wa kí bàbá, kí ẹ sì sọ fún wọn pé a kò fi ojú òpè wo ìbẹ̀rù wọn. Lọ́dún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Bìní, tí wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ọnà ààfin lọ, wọn kò sì tíì dá wọn padà tán títí di òní. Ẹni tí ó bá rántí èyí kò lè ṣàì bi àlejò oníkámẹ́rà léèrè ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí á tó dé ibi ìbẹ̀rù wọn, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí àwọn olùkọ́ náà fẹ́ ṣe gan-an, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù dúró lé.

Kámẹ́rà wọn kì í ṣe irú èyí tí a fi ń ya ìgbéyàwó. Wọn yóò tẹ́ ojú ìwé kan sílẹ̀ nínú yàrá tó ṣókùnkùn, wọn yóò tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ kan ṣoṣo sí i, wọn yóò yà á. Wọn yóò pa ìyẹn, wọn yóò tan òmíràn, láti orí ultraviolet tí ojú ènìyàn kò rí, dé orí àwọ̀ aró, àwọ̀ ewé àti pupa, títí dé orí infrared tí ojú ènìyàn kò rí bákan náà. Ìwé kò ní mira, kámẹ́rà kò ní mira. Bí ìmọ́lẹ̀ bá jẹ́ 12, fọ́tò 12 ni ojú ìwé kan ṣoṣo yóò ní, gbogbo wọn ní dúdú àti funfun. Yíǹkì tí àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn akọ̀wé ìgbà náà sábà máa ń lò, irin wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ti ṣá, ultraviolet a máa mú kí ìwé fúnra rẹ̀ tàn, ibi tí yíǹkì bá sì ti gbà kọjá yóò ṣú dúdú, bí ipa ẹsẹ̀ lórí iyanrìn tútù. Tàdáwà tí àwọn àlùfáà wa ń fi dúdú ìdí ìkòkò tàbí èédú ṣe yàtọ̀ sí i. Nínú infrared, tàdáwà yóò dúdú kirikiri, yíǹkì onírin yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá pátápátá. Nítorí náà, bí bàbá yín bá fi yíǹkì méjì kọ ìwé àdúrà yẹn, tàbí bí ẹlòmíràn bá ti tún ọ̀rọ̀ wọn kọ lẹ́yìn wọn, àwọn fọ́tò yìí lè tú u fó.

Kò sí ọ̀kan nínú fọ́tò 12 náà tó dá nìkan ní ìdáhùn. Kọ̀ǹpútà ni yóò pa wọ́n pọ̀, yóò yọ ti ibí kúrò nínú ti ọ̀hún, títí lẹ́tà yóò fi yọjú. Bí onímọ̀ kan sì ṣe pa tirẹ̀ pọ̀ kọ́ ni ẹlòmíràn yóò ṣe pa tirẹ̀. Èyí ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà lójú tiwa: ẹni tó ya àwòrán lè má jẹ́ ẹni tí yóò kà á. Ó lè jẹ́ ọmọ yín kan tí ẹ kò tíì bí ni.

Ìwé kan wà tí ìtàn rẹ̀ fẹ́ jọ ti yín. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ẹnìkan da iṣẹ́ Archimedes, onímọ̀ ìṣirò ará Gíríìsì àtijọ́, kọ sórí awọ ẹran. Nígbà tí ó máa fi di ọdún 1229, wọ́n ti ha yíǹkì rẹ̀ nù, wọ́n sì ti kọ àdúrà lé e lórí. Lọ́dún 1998 ni wọ́n tà á ní gbàǹjo ní New York fún mílíọ̀nù 2 dọ́là. Ẹni tó rà á kò fi orúkọ ara rẹ̀ hàn. Ó gbé e fún Walters Art Museum ní ìlú Baltimore pé kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn onímọ̀ sì fi oríṣiríṣi ìmọ́lẹ̀ àti X-ray tú ohun tí wọ́n ti ha nù jáde. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2008, wọ́n gbé àwòrán náà sí gbangba, tútù (fọ́tò bí kámẹ́rà ṣe yà á) àti sísè (èyí tí kọ̀ǹpútà ti pa pọ̀): ẹnikẹ́ni lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ kó sì lò ó, bí ó bá ṣáà ti dárúkọ ibi tí ó ti rí i. Ìwé fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọwọ́ ẹni tó rà á ló wà. Ẹ ka ibi yìí sí olórí ẹbí létí dáadáa.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí tilẹ̀ tún ya ènìyàn lẹ́nu ju ìyẹn lọ. Òkè Vesuvius ní Ítálì bú gbàmù lọ́dún 79, ó sì sun àwọn ìwé kíká kan ní ìlú Herculaneum di èédú. Bí ènìyàn bá fẹ́ tú wọn, ńṣe ni wọ́n ń rún. Wọ́n fi X-ray ya inú wọn láì tú wọn, wọ́n sì ké sí gbogbo ayé lọ́dún 2023 pé kí ẹni tó bá lè kà wọ́n wá gba ẹ̀bùn. Àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn tó tóbi jù, 700,000 dọ́là, ní oṣù kejì ọdún 2024 ni Youssef Nader ọmọ Íjíbítì, Luke Farritor ọmọ Amẹ́ríkà àti Julian Schilliger ọmọ Switzerland. Lẹ́tà tí wọ́n kà jáde lé ní 2,000. Ìdí kọ̀ǹpútà ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n fi ka ìwé tí iná ti jó.

Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ yín fi ń tẹnu mọ́ gbangba. Tiwa ni pé kí ẹ jẹ́ kí wọ́n yà á, ṣùgbọ́n kí ẹ ti jọ kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí iná kámẹ́rà àkọ́kọ́ tó tàn. Ẹ má retí pé òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé yóò gbà yín sílẹ̀. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2022 fún òǹkọ̀wé ní 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, bàbá tó bí bàbá bàbá yín sì ti lè kọjá bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ yín ni àpótí yẹn àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ti ṣí i fún àlejò láì bá a dá májẹ̀mú, agbára yín ti dín kù. Ẹ kọ ọ́ pé ìwé kò ní jáde kúrò nínú ilé, tàbí, bí ó bá gbọ́dọ̀ jáde, ọjọ́ wo ni yóò padà. Ẹ kọ orúkọ tí ìdílé fẹ́ kí wọ́n máa dá sí ara àwòrán náà. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ̀dà kan gbogbo rẹ̀, tútù àti sísè, yóò wà lọ́wọ́ ìdílé lórí hard drive méjì, kí ọ̀kan má sì wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú èkejì, nítorí omi tó wọlé lẹ́ẹ̀kan lè tún wọlé.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé àṣẹ tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ àwòrán náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní CC BY ni wọ́n fi sí ara àwòrán ìwé Archimedes, tí ẹnikẹ́ni fi lè lò ó, títí kan ẹni tí yóò fi pawó, bí ó bá ti dárúkọ onínǹkan. CC BY-NC kò fàyè gba òwò. CC0 ní tirẹ̀, ẹ ti yọwọ́ yọsẹ̀ pátápátá. Àwọn onímọ̀ kì í fẹ́ràn NC, wọ́n á ní ó ń dí àwọn lọ́wọ́, òótọ́ díẹ̀ sì wà níbẹ̀. Síbẹ̀, fún ìwé àdúrà ìdílé, a kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé ẹni tó bá ti gba ẹ̀dà lábẹ́ ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀, ẹ kò lè gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ẹ kò bi wá, ṣùgbọ́n tí ọkàn wa kò jẹ́ kí á fò ó. Ìwé òwò ará etí ọ̀sà ní àsìkò yẹn kì í ṣe epo nìkan ló máa ń wà nínú rẹ̀. Orúkọ ajigbèsè lè wà níbẹ̀, orúkọ ìwọ̀fà lè wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tí wọ́n rà tàbí tí wọ́n tà sì lè wà níbẹ̀. Ní ìlú tí àwọn àlejò ti ń wá wo ìyàrá 40 tí wọ́n há àwọn ẹrú mọ́ ní ilé Sẹ̀rìkí Abass, kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Àwọn ọmọ ọmọ wọn wà ní àdúgbò yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya gbogbo ojú ìwé, nítorí ohun tí a kò yà yóò ṣègbé, ṣùgbọ́n kí àwọn ojú ìwé tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ bá wà nínú wọn wà ní títì pa títí ìdílé yóò fi jókòó lé e lórí pẹ̀lú àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Zenodo, àká ìwádìí tí àwọn onímọ̀ CERN ní Yúróòpù dá sílẹ̀ lọ́dún 2013, fàyè gba kí á ti àkójọ kan pa kí á sì ṣí àwọn yòókù. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń fún àkójọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí kì í yí padà, tí ẹni tó bá lò ó yóò máa tọ́ka sí.

Ẹ má fi ojú kékeré wo bí ẹrù náà ṣe tóbi tó. Bí kámẹ́rà bá ń ya mílíọ̀nù 50 tó-tó-tó (àwọn àmì kínníkínní tó para pọ̀ di àwòrán) nínú fọ́tò kan, tí tó kọ̀ọ̀kan sì gba byte 2, fọ́tò kan di megabyte 100. Ojú ìwé kan pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ 12 di gigabyte 1.2, ìwé olójú-ewé 200 di gigabyte 240. Gigabyte 50 ni àkójọ kan ní Zenodo ń gbà bí a kò bá tọrọ àlékún, nítorí náà àkójọ márùn-ún ni ìwé kan yóò di. Gbogbo èyí ni wọ́n ń pè ní dátà. Kì í ṣe dátà tí a ń rà sórí fóònù o, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn náà yóò ti tán kí ẹ tó gba ojú ìwé bíi mélòó kan sílẹ̀.

Èmi tí mò ń dáhùn yìí ní ọgbẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní nǹkan bí ọdún méjìlá sẹ́yìn, àwọn kan tí n kò ní dárúkọ wá ya ìwé orin tí bàbá ìyá mi fi ọwọ́ kọ. Wọ́n fún wa ní CD kan, a sì dúpẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, CD náà kò ṣí mọ́. A wá wọn lọ, ẹni tó ya àwòrán ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà tó lò ti bàjẹ́, wọn kò sì fi ẹ̀dà kankan sí gbangba nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ, wọ́n ń bá wa pa á mọ́. Ikán ti bá ìwé orin náà fúnra rẹ̀ ṣe tirẹ̀. Orin mẹ́ta péré ni ìyá mi rántí.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìtàn ìjọ wa ní Àgbádárìgì. Òkúta ibojì àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì tí òjò ti jẹ lẹ́tà ara rẹ̀. A fi fóònù yà á, a sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí onímọ̀ ìtàn kan lókè òkun, ó ní òun kò rí nǹkan kan kà. Ṣé ẹ̀rọ olówó ńlá ni kí á wá ni? — Màmá Akọ̀wé.

ÌDÁHÙN: Rárá, Màmá. Àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀, owó kọ́ ni ó sì máa tún wọn ṣe.

Èkíní, ọ̀sán gangan ni ẹ yà á, bí a bá mọ̀ ọ́n rò. Oòrùn orí kì í jẹ́ kí kòtò lẹ́tà ara òkúta tó dùbúlẹ̀ ní òjìji. Ẹ lọ ní alẹ́, ẹ gbé kámẹ́rà lé ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kó má lè mira, kí ẹ fi bọ́ọ̀lù dúdú dídán méjì sí ẹ̀gbẹ́ òkúta níbi tí wọn yóò ti hàn nínú fọ́tò. Kí ẹnìkan mú iná, kí òmíràn mú okùn tí a so mọ́ ọn, tí gígùn rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta òkúta náà, kí iná lè jìnnà bákan náà nígbà gbogbo. Ẹ yí iná náà ká: ìsàlẹ̀, àárín, òkè, ọ̀tún, òsì, fọ́tò kan ní ibi kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi tó bíi 40 tàbí 50. Ìmọ́lẹ̀ tó bá tàn lórí bọ́ọ̀lù ni yóò sọ fún kọ̀ǹpútà ibi tí iná wà. Ọ̀nà yìí, tí wọ́n ń pè ní RTI, ti inú iṣẹ́ Tom Malzbender ní ilé iṣẹ́ HP wá, lọ́dún 2001. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń pa fọ́tò náà pọ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá sì ṣí àbájáde rẹ̀ lè máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ darí iná lójú kọ̀ǹpútà bí ẹni pé ó dúró níwájú òkúta. Bí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ bá ní kí á fi ṣọ́ọ̀kì kun lẹ́tà tàbí kí á fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lé wọn kúrò níbẹ̀.

Èkejì ni WhatsApp. Bí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí fọ́tò, ó máa ń fún un pọ̀ kó lè kéré, ohun kínníkínní tí onímọ̀ ń wá ló sì kọ́kọ́ ń dànù. Ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí dọ́kúmẹ́ǹtì, tàbí kí ẹ gbé e sórí Google Drive. Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ fi í sí gbangba, gbogbo fọ́tò 50 náà ni kí ẹ fi sí i, kì í ṣe ẹyọ kan tó dára jù. Onímọ̀ tó bá rí ẹyọ kan gbọ́dọ̀ gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́. Ẹni tó bá rí gbogbo rẹ̀ lè bá yín jiyàn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin àgbà wa, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ẹ̀pẹ́. Mo ń fi fọ́tò ṣe àwòrán 3D, èyí tí a lè yí wò láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ti apá kan nínú Erédò Súngbọ́. Olùkọ́ mi fẹ́ kí n fi dátà náà sí gbangba. Ẹ̀rù ń bà mí kí àwọn tó ń wa ilẹ̀ wá ohun àtijọ́ má fi tọ ibẹ̀ lọ. — Akẹ́kọ̀ọ́, Ẹ̀pẹ́.

ÌDÁHÙN: Ọmọ wa, o ṣe é tí ẹ̀rù fi bà ọ́. Erédò fúnra rẹ̀ kì í ṣe àṣírí: yàrà tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bíi 160 kìlómítà, tí jíjìn rẹ̀ dé mítà 20 láwọn ibì kan, kò ṣeé fi pamọ́. Ibi tí o ti rí àpáàdì tàbí irin lórí ilẹ̀ ni àṣírí. Fóònù rẹ sì lè máa kọ ibi tí o dúró sí gan-an sínú fáìlì fọ́tò kọ̀ọ̀kan láì sọ fún ọ. Fi fáìlì tó ní ibi gangan náà sílẹ̀ ní títì pa fún àwọn onímọ̀ tó bá kọ̀wé béèrè, kí o sì yọ ọ́ kúrò nínú èyí tí yóò wà ní gbangba, kí o kàn dárúkọ abúlé tó sún mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n má tìtorí èyí ti gbogbo rẹ̀ pa. Àwọn tó ń kó iyanrìn àti àwọn tó ń kọ́lé kò nílò àwòrán rẹ láti dé ibẹ̀. Lọ́dún 2010, Andrew Tallon, olùkọ́ ìtàn iṣẹ́ ọnà ní Amẹ́ríkà, fi laser wọn inú àti òde ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame ní Paris. Ó kú lọ́dún 2018, ṣọ́ọ̀ṣì náà jóná ní oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e, ìwọ̀n tó fi sílẹ̀ sì wà lára ohun tí àwọn tó tún un kọ́ lò.

Kí fọ́tò kọ̀ọ̀kan bo bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta èyí tó ṣáájú rẹ̀. Gbé igi tó jẹ́ mítà kan géérégé sínú fọ́tò, kí ẹlòmíràn lè mọ bí ohun tó ń wò ṣe tóbi tó. Lọ kí Baálẹ̀ kí o tó padà síbẹ̀, kí o sì fi àwòrán hàn wọ́n lórí fóònù. Bí wọ́n bá mọ orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe apá yàrà náà, kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ rẹ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́, bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni kí o ti yà á, nígbà tí igbó kò tíì bo ara ògiri náà.